Ẹ̀yìn Kan, Ọmọ Méjì

Ẹ̀kọ́ nípa bí a ṣe ń gbé ọmọ tuntun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jáde, àti bí a ṣe ń yan kẹ̀kẹ́ ọmọ oníjòkòó méjì

ÀWỌN Ọ̀RỌ̀ TÍ A Ó KỌ́KỌ́ KÀ

Ẹ ka àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí sókè lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ náà.

ọ-mọ ọ-wọ́: ọmọ ọwọ́
ọ̀-já: ọ̀já
kẹ̀-kẹ́ ọ-mọ: kẹ̀kẹ́ ọmọ
bẹ́-lí-ì-tì: bẹ́líìtì
bí-ré-è-kì: bíréèkì
sẹ̀-ǹ-tí-mí-tà: sẹ̀ǹtímítà
kí-lò: kílò

1. BÍ Ọ̀RỌ̀ NÁÀ ṢE BẸ̀RẸ̀

 

Àwọn àgbà máa ń sọ pé, ọmọ tí a pọ̀n sẹ́yìn kò mọ̀ pé ọ̀nà jìn. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó pọn ọmọ náà mọ̀. Ìyá tó pọn ọ̀kan, tó fa èkejì lọ́wọ́, tó tún ru ẹrù sórí, òun gan-an ló mọ bí ọ̀nà ṣe jìn tó.

Ní Ajíbóde níbí, ẹ̀yìn Yunifásítì Ìbàdàn ni a wà. Títì ọlọ́dà wà ní apá kan. Ọ̀nà erùpẹ̀ àti òkúta wà ní apá kejì. Ẹlòmíràn ń lọ sóko, ẹlòmíràn ń lọ sọ́jà Ṣáṣá tàbí Òjóò. Ìyá tó ní ọmọ kan á pọ̀n ọ́n, á sì máa lọ. Ìyá tó ní méjì tí wọn kò tíì lè rìn jìnnà ńkọ́? Ẹ̀yìn kan ṣoṣo ni Ọlọ́run fún un.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, nígbà tí a parí ìwé kíkà ní kíláàsì, ìyá kan dúró dè mí. Ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ọmọ náà, tó ti lé díẹ̀ ní ọmọ ọdún méjì, di ìró ìyá rẹ̀ mú. Ó ń sunkún pé kí wọ́n pọn òun náà.

Ìyá náà ní: "Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́ sà. Bàbá àwọn ọmọ yìí rí kẹ̀kẹ́ ọmọ kan lọ́jà. Tòkunbọ̀ ni. Ọmọ méjì ló ń gbà lẹ́ẹ̀kan náà. Owó rẹ̀ tó owó àpò gàrí méjì. Ẹni tó ń tà á ní kí a tètè wá, pé ẹlòmíràn ti ń wò ó. Ṣé kí a rà á?"

Mo bi í pé: "Ìyá wa, báwo ni kẹ̀kẹ́ náà ṣe fẹ̀ tó?"

Ó ní òun kò mọ̀.

"Ilẹ̀kùn yàrá yín ńkọ́?"

Ó rẹ́rìn-ín. Kò mọ ìyẹn náà.

Mo wá sọ fún un pé: "Ẹ má tíì san kọ́bọ̀. Ẹ yá téèpù lọ́wọ́ télọ̀, kí ẹ mú ìwé àti bírò yín dání. Ẹ lọ wọn kẹ̀kẹ́ náà. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára, kí ẹ dà á kọ sínú ìwé. Lẹ́yìn náà ni a ó jọ sọ̀rọ̀."

Kì í ṣe pé mo gbọ́n jù ú lọ. Èmi náà ti jìyà àìwọ̀n rí. Nígbà tí ọmọbìnrin mi bí àkọ́bí rẹ̀, inú mi dùn, mo sáré ra kẹ̀kẹ́ ọmọ kan fún un. N kò wọn ilẹ̀kùn, n kò wo ọ̀nà ilé rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ náà kò gba ẹnu ọ̀nà wọlé. Ó jókòó sẹ́yìnkùlé fún odindi ọdún kan, adìyẹ sì ń yé ẹyin sínú rẹ̀. Ọ̀gá iléèwé ni mo jẹ́ nígbà náà o, mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò lójoojúmọ́.

2. OHUN TÍ Ẹ̀YÌN Ń ṢE

Kí a tó sọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́, ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀wọ̀ wọ ẹ̀yìn ìyá. Kò sí ohun tó dà bí i rẹ̀.

Lẹ́yìn ìyá, ọmọ ń gbọ́ ohùn rẹ̀. Ara ìyá ń mú un móoru. Bí ó bá ké, ìyá á tètè gbọ́. Ẹsẹ̀ ọmọ á yà gba ẹ̀gbẹ́ ìyá méjèèjì, orúnkún á ká díẹ̀. Àwọn dókítà sọ pé bí ẹsẹ̀ ṣe yà yìí dára fún oríkèé ìtàn ọmọ. Ní àwọn ilẹ̀ kan tí òtútù wà, tí wọ́n ń na ẹsẹ̀ ọmọ gbọọrọ tí wọ́n sì ń fi aṣọ dì í mọ́ra pinpin, oríkèé ìtàn a máa yẹ̀ lára àwọn ọmọ púpọ̀ ju tiwa lọ.

Àwọn ará òkè òkun pàápàá wá kọ́ ọgbọ́n yìí lọ́dọ̀ wa. Ní nǹkan bí ọdún 1962, nọ́ọ̀sì ará Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ Ann Moore wá ṣiṣẹ́ ní Tógò, pẹ̀lú ẹgbẹ́ Peace Corps. Ó rí i bí àwọn ìyá ṣe ń pọn ọmọ, tí ọkàn ọmọ balẹ̀ lẹ́yìn wọn. Nígbà tó padà sílé tó sì bí ọmọ tirẹ̀, ó fẹ́ pọ̀n ọ́n bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n aṣọ náà kò dúró lára rẹ̀. Òun àti ìyá rẹ̀ wá rán àpò kan tó ní okùn ní èjìká, tí a lè gbé ọmọ sí. Snugli ni wọ́n pè é. Ní 1969 ìjọba Amẹ́ríkà fún un ní ìwé ẹ̀rí pé òun ló ṣe é. Láti orí ẹ̀yìn àwọn ìyá Tógò ni èrò náà ti wá.

Nítorí náà, bí ẹnì kan bá sọ fún yín pé ọ̀lẹ tàbí ará oko ló ń pọn ọmọ, ẹ rẹ́rìn-ín, kí ẹ máa bá tiyín lọ.

Ṣùgbọ́n pípọ̀n ní òfin tirẹ̀. Ọrùn ọmọ tuntun kò tíì lágbára. Bí a bá pọ̀n ọ́n, kí aṣọ gba ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ mú. Kí ojú rẹ̀ yà sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí imú rẹ̀ má wọ inú aṣọ. Kí àgbọ̀n rẹ̀ má sì tẹ̀ mọ́ àyà, nítorí èémí ọmọ kékeré a máa dínà bí ọrùn rẹ̀ bá tẹ̀. Ẹ máa fi ọwọ́ kàn án nígbà gbogbo. Ẹ máa sọ fún ẹni tó wà nítòsí pé: "Ẹ bá mi wo ojú ọmọ."

3. IBI TÍ KẸ̀KẸ́ ỌMỌ TI WÁ

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní nǹkan bí ọdún 1733, ọ̀gbẹ́ni kan tí ń jẹ́ William Kent ṣe kẹ̀kẹ́ kékeré kan fún àwọn ọmọ ìjòyè ńlá kan. Ewúrẹ́ tàbí ẹṣin kékeré ló ń fà á. Ohun ìṣeré ọlọ́rọ̀ ni nígbà náà.

Nígbà tó yá, wọ́n ṣe èyí tí ènìyàn lè fi ọwọ́ tì. Ó tóbi, ó wúwo, kò ṣeé ká. Ní ọdún 1965, Owen Maclaren yanjú ọ̀rọ̀ náà. Ọ̀gbẹ́ni yìí ti ṣiṣẹ́ lórí ẹsẹ̀ ọkọ̀ òfuurufú ogun rí, irú ẹsẹ̀ tí ọkọ̀ ń ká sínú bó bá ti gbéra. Ó fi ọgbọ́n yẹn ṣe kẹ̀kẹ́ ọmọ tó ń ká pọ̀ bí agbòjò. Ìwọ̀n rẹ̀ kò tó kílò 3. Ìyá lè fi ọwọ́ kan ká a, kí ó fi ọwọ́ kejì gbé ọmọ.

Ẹ kíyè sí èyí. Ọ̀nà tí a ti tẹ́ ni wọ́n ń rò nígbà tí wọ́n ṣe ọ̀pọ̀lọpọ̀ kẹ̀kẹ́ wọ̀nyí. Wọn kò ro kòtò àti òkúta mọ́ ọn. Àwa ni a gbọ́dọ̀ rò ó.

4. IRÚ MÉJÌ TÓ WÀ

Kẹ̀kẹ́ ọmọ oníjòkòó méjì pín sí irú méjì.

Irú kìíní ni ti ẹ̀gbẹ́-sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọmọ méjèèjì jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bí ìbejì lórí àga. Ó rọrùn láti tì, kì í sì í tètè dojú dé. Àwọn ọmọ méjèèjì ń rí ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ó fẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn fẹ̀ tó nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 75.

Irú kejì ni ti iwájú-àti-ẹ̀yìn. Ọmọ kan wà níwájú, èkejì wà lẹ́yìn rẹ̀ tàbí nísàlẹ̀ rẹ̀. Kò fẹ̀ ju kẹ̀kẹ́ ọmọ kan lọ púpọ̀. Ó lè gba ilẹ̀kùn kékeré kọjá. Ṣùgbọ́n ó gùn, ó máa ń wúwo, ó sì ṣòro láti yí ní kọ́nà. Láti fi í gun òkúta tàbí kòtò, ẹ óò gbé iwájú rẹ̀ sókè pẹ̀lú agbára.

Ẹ má bèèrè pé èwo ló dára jù. Ẹ bèèrè pé: "Èwo ló bá ilé mi, ọ̀nà mi àti ọmọ mi mu?"

5. OHUN MÉJE TÍ A Ó YẸ̀ WÒ KÍ A TÓ SANWÓ

(i) Ìbú. Ẹ wọn ibi tí kẹ̀kẹ́ náà fẹ̀ jù. Ibẹ̀ sábà máa ń jẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ wọn ilẹ̀kùn ilé yín, láti inú férémù kan sí inú férémù kejì. Ilẹ̀kùn gbọ́dọ̀ fẹ̀ ju kẹ̀kẹ́ lọ.

(ii) Ibi tí ọmọ tuntun yóò sùn. Èyí ló ṣe pàtàkì jù lọ. Ọmọ tí kò tíì tó oṣù mẹ́fà, tí kò tíì lè dá jókòó, kò gbọ́dọ̀ jókòó sínú kẹ̀kẹ́. Ó gbọ́dọ̀ dùbúlẹ̀ gbalaja. Bí a bá fi í jókòó, orí rẹ̀ á ṣubú síwájú, èémí rẹ̀ á sì há. Ẹ tẹ ẹ̀yìn ìjókòó náà sẹ́yìn. Bí kò bá lọ sílẹ̀ títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́jú, kì í ṣe ti ọmọ tuntun. Ẹ wá ìwé tí wọ́n rán tàbí tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. Bí ẹ bá rí nọ́ńbà 6 pẹ̀lú àmì ìròpọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ oṣù, ó túmọ̀ sí láti oṣù mẹ́fà sókè.

(iii) Bẹ́líìtì. Ó yẹ kí bẹ́líìtì ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ẹsẹ̀ márùn-ún: méjì ní èjìká, méjì ní ìbàdí, ọ̀kan láàárín itan. Ẹ dè é, kí ẹ fà á. Bí ó bá já tàbí tó tú, ẹ fi kẹ̀kẹ́ náà sílẹ̀. Ọmọ ọdún méjì lè dìde dúró lójijì, kí ó sì fi orí sọlẹ̀.

(iv) Bíréèkì. Ẹ gbé e sórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kí ẹ gbé àpò ìrẹsì kékeré sínú rẹ̀. Ẹ tẹ bíréèkì, kí ẹ fi ọwọ́ sílẹ̀. Kò gbọ́dọ̀ yí.

(v) Oríkèé. Ní ọdún 2009, ní Amẹ́ríkà, wọ́n ké sí àwọn òbí tó ní irú kẹ̀kẹ́ ọmọ kan, tó tó nǹkan bíi mílíọ̀nù kan, pé kí wọ́n dáwọ́ lílò rẹ̀ dúró ná. Oríkèé tó fi ń ká ti gé orí ìka àwọn ọmọ kan. Wọ́n fún àwọn òbí ní ìbòrí láti fi bo oríkèé náà. Nítorí náà, ẹ wo ibi tí irin méjì ti ń pàdé. Kí ọmọ má ṣe sún mọ́ ọn nígbà tí ẹ bá ń ká a tàbí tí ẹ bá ń ṣí i. Bí ẹ bá ṣí i tán, ẹ gbọ́ kí ó dún "kà!" kí ẹ tó gbé ọmọ sí i.

(vi) Táyà. Ẹsẹ̀ kékeré oníke lile dára lórí sìmẹ́ǹtì. Lórí erùpẹ̀ àti òkúta, á máa há, á sì máa gbọn ọmọ jìgìjìgì. Ọ̀nà wa ń fẹ́ ẹsẹ̀ ńlá oní-rọ́bà. Bí ó bá jẹ́ èyí tí a ń fún ní afẹ́fẹ́, ẹ bèèrè bóyá fọkanáísà àdúgbò lè lẹ̀ ẹ́.

(vii) Ìwúwo àti kíká. Ẹ ká a fúnra yín. Ẹ gbé e sókè. Ṣé ẹ lè gbé e sínú bọ́ọ̀tù Micra? Ta ni yóò di ọmọ mú nígbà tí ẹ bá ń ká a? Bí ó bá jẹ́ ẹnì méjì ni yóò máa ká a nígbà gbogbo, kò ní wúlò fún ìyá tó ń dá jáde.

6. ÌṢIRÒ KÉKERÉ

Ẹ mú bírò. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò ohun tí ìyá náà yóò máa tì.

Ọmọ ọdún méjì: kílò 12
Ọmọ tuntun: kílò 4
Kẹ̀kẹ́ náà: kílò 14
Àpapọ̀: kílò 30

Kẹ́ẹ̀gì omi ńlá tí a ń lò nílé, lítà 25 ló ń gbà. Lítà omi kan, kílò kan ni. Nítorí náà, ìyá yìí ń ti ohun tó wúwo ju kẹ́ẹ̀gì omi kan lọ. Lórí títì tó tẹ́jú, kò sí wàhálà, ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ló ń ṣiṣẹ́. Lórí òkè olókùúta ńkọ́? Lẹ́yìn òjò, nígbà tí ẹrẹ̀ wà nílẹ̀ ńkọ́? Ẹ fi ọkàn rìn ín kí ẹ tó fi owó rìn ín.

Ohun mìíràn tún wà. Wọ́n máa ń kọ ìwọ̀n ọmọ tí ìjókòó kọ̀ọ̀kan lè gbà sí ara kẹ̀kẹ́. Ọ̀pọ̀ jẹ́ kílò 15. Ọmọ ọdún méjì tó jẹ́ kílò 12 lónìí, títí ìgbà wo ni yóò fi tó kílò 15? Ó lè má ju ọdún kan àbọ̀ lọ. Ẹ wo iye owó tí ẹ fẹ́ san, kí ẹ wo iye ìgbà tí ẹ ó fi lò ó.

7. OHUN TÍ ÌYÁ NÁÀ RÍ

Ní ọjọ́ kẹta, ìyá náà padà wá sí kíláàsì. Ó ṣí ìwé rẹ̀ níwájú gbogbo wa, ó sì kà á fúnra rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n díẹ̀, ṣùgbọ́n kò ṣi ọ̀rọ̀ kan kà.

"Kẹ̀kẹ́: 76. Ilẹ̀kùn: 70. Ìjókòó: kò tẹ́jú. Ìwé ara rẹ̀: oṣù 6 sókè. Bẹ́líìtì: ọ̀kan dára, ọ̀kan ti já. Ẹsẹ̀: kékeré, oníke."

Ó gbójú sókè. Ó ní: "Tíṣà, ọkùnrin tó ń tà á sọ fún mi pé ọmọ ọjọ́ kan lè jókòó sínú rẹ̀. Mo ní kí ó jẹ́ kí n ka ìwé ara rẹ̀. Ó ní ìwé wo ni mo fẹ́ kà. Mo fi ìka tọ́ nọ́ńbà 6 yẹn, mo bi í pé, 'Èyí ńkọ́?' Kò lè dá mi lóhùn mọ́."

Gbogbo kíláàsì pàtẹ́wọ́. Ní ọdún tó kọjá, obìnrin yìí ń fi àtàǹpàkò tẹ̀wé. Lọ́jọ́ yẹn, ó fi kíkà gba owó àpò gàrí méjì là. Bóyá ó gba ohun tó ju owó lọ là.

Wọn kò ra kẹ̀kẹ́ náà. Ọkọ rẹ̀ kọ́kọ́ bínú díẹ̀, nítorí òun ló rí i. Ṣùgbọ́n nígbà tí òun náà fi téèpù sí ẹnu ilẹ̀kùn, ó dákẹ́. Wọ́n wá jọ pinnu báyìí: ọmọ tuntun yóò wà lẹ́yìn ìyá. Ní ọjọ́ àbẹ́rẹ́ àjẹsára, bàbá yóò pọn ẹ̀gbọ́n. Ní ọjọ́ ọjà, ìyá bàbá yóò mú ẹ̀gbọ́n dání nílé. Wọ́n ra ọ̀já tuntun méjì tó nípọn, tó sì gùn. Mo ti rí bàbá náà lójú títì pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn ọlọ́kadà kan ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní: "Ọmọ mi ni mo pọ̀n, kì í ṣe ọmọ yín." Ó sì ń bá tirẹ̀ lọ.

8. ẸNI TÓ RÀ Á TÓ SÌ DÁRA FÚN UN

Kí ẹ má baà rò pé kẹ̀kẹ́ ọmọ kò dára rárá, ẹ gbọ́ ti ìyá mìíràn. Ìyá ìbejì ni. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́bàá títì ọlọ́dà. Ilé rẹ̀ kò jìnnà síbẹ̀, ilẹ̀ ibẹ̀ sì tẹ́jú. Nígbà tí àwọn ọmọ náà pé oṣù mẹ́jọ, tí wọ́n ti lè jókòó dáadáa, ó ra ti iwájú-àti-ẹ̀yìn. Ó wọn ilẹ̀kùn ilé, ó wọn ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Ó gba méjèèjì. Títí di òní, kẹ̀kẹ́ náà ń sìn ín. Àwọn ọmọ ń sùn sínú rẹ̀ nínú ìbòòji, òun náà ń tajà.

Ìbejì kò ṣàjèjì sí wa. Ìgbó-Ọrà, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ wa yìí, gbajúmọ̀ káàkiri ayé nítorí ìbejì. Nítorí náà ọ̀rọ̀ ọmọ méjì àti ẹ̀yìn kan kì í ṣe ọ̀rọ̀ òyìnbó nìkan. Ọ̀rọ̀ ilé wa ni.

Ẹni tó bá ní kẹ̀kẹ́ ọmọ, kí ó rántí òfin mẹ́ta yìí. Kìíní, ẹ má fi àpò ọjà kọ́ ọwọ́ rẹ̀. Bí ọmọ bá sọ̀kalẹ̀, àpò náà á fà á ṣubú sẹ́yìn, pẹ̀lú ọmọ kejì nínú rẹ̀. Èkejì, ẹ má fi aṣọ bò ó nínú oòrùn. Ẹ rò pé ìbòòji ni, ṣùgbọ́n ooru inú rẹ̀ á pọ̀ sí i bí ìgbà tí a bo ìkòkò. Ẹ̀kẹta, ẹ má fi ọmọ sílẹ̀ nínú rẹ̀ láìsí àgbà nítòsí, ì báà jẹ́ ìṣẹ́jú kan.

9. BÍ KÒ BÁ SÍ KẸ̀KẸ́

Ọ̀pọ̀ nínú wa kò ní ra kẹ̀kẹ́ ọmọ. Kò burú. Ẹ fi ìwọ̀nyí sọ́kàn.

Èyí tó kéré jù ni kí ẹ pọ̀n. Ẹ di ẹ̀gbọ́n mú ní ọrùn ọwọ́, kì í ṣe ní ìka, nítorí ìka a máa yọ̀. Níbi tí kò sí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, ẹ máa rìn ní apá òsì títì, kí ẹ kọjú sí ọkọ̀ tó ń bọ̀. Láti ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972 ni ọkọ̀ ti ń gba apá ọ̀tún ní Nàìjíríà. Bí ẹ bá wà ní apá òsì, ẹ ó rí ọkọ̀ tó ń bọ̀ wá bá yín. Kí ẹ̀gbọ́n wà ní apá koríko, kí ẹ̀yin wà ní apá ọkọ̀.

Ẹ má gbé ọmọ méjì gun ọ̀kadà. Mo mọ̀ pé ọ̀nà jìn. Mo mọ̀ pé oòrùn ń mú. Ṣùgbọ́n ọmọ tó wà láàárín ọlọ́kadà àti ìyá kò ní ohun tó dè é mú. Bí ọ̀kadà bá wọ kòtò, ọwọ́ kan kò lè di ọmọ méjì mú. Ẹ dúró de ọkọ̀, tàbí kí ẹ fi ẹnì kan sílẹ̀ sílé.

Ẹ má gbàgbé ọkàn ẹ̀gbọ́n. Lánàá ẹ̀yìn yẹn jẹ́ tirẹ̀. Lónìí àbúrò ló gbà á. Ọmọ tó bá ṣípá ni ìyá rẹ̀ ń gbé, òun náà sì ti ṣípá títí, ẹnìkan kò gbé e. Nígbà tí àbúrò bá sùn, ẹ pọ̀n ọ́n yíká ilé fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹkún rẹ̀ á dín.

Ọ̀rọ̀ kan kù. Àwọn ìyá wa àtijọ́ kì í yára lóyún lórí ọmọ tó ń mu ọmú. Ọdún méjì sí mẹ́ta ni wọ́n fi ń tọ́ ọmọ dàgbà kí òmíràn tó dé. Àjọ ìlera àgbáyé náà dámọ̀ràn pé, lẹ́yìn ìbímọ, kí ìyá dúró tó oṣù 24, ó kéré tán, kí ó tó gbìyànjú láti lóyún mìíràn. Ó ń dáàbò bo ìyá, ó sì ń dáàbò bo ọmọ. Kí tọkọtaya jọ lọ bèèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn àdúgbò. Ẹni tó ti bí méjì súnmọ́ra kò ṣẹ̀. Kí á ràn án lọ́wọ́ ni.

10. ÀWỌN ÌBÉÈRÈ

Ẹ dáhùn wọ́n nínú ìwé yín.

1. Kí ni ìyá náà kò mọ̀ nígbà tó kọ́kọ́ wá bèèrè?
2. Kí ló ṣẹlẹ̀ sí kẹ̀kẹ́ tí ẹni tó kọ ẹ̀kọ́ yìí rà fún ọmọbìnrin rẹ̀?
3. Kí nìdí tí ọmọ tuntun kò fi gbọ́dọ̀ jókòó sínú kẹ̀kẹ́?
4. Sẹ̀ǹtímítà mélòó ni kẹ̀kẹ́ náà fi fẹ̀ ju ilẹ̀kùn lọ?
5. Apá wo ni ó yẹ kí ẹlẹ́sẹ̀ máa rìn lójú títì? Kí nìdí rẹ̀?
6. Bí ọmọ kan bá jẹ́ kílò 11, tí èkejì jẹ́ kílò 5, tí kẹ̀kẹ́ jẹ́ kílò 12, kílò mélòó ni gbogbo rẹ̀?

IṢẸ́ ÀṢETILÉWÁ

Ẹ yá téèpù. Ẹ wọn ilẹ̀kùn yàrá yín àti ilẹ̀kùn ìta. Ẹ kọ nọ́ńbà méjèèjì sílẹ̀, kí ẹ kọ déètì ọjọ́ náà sí i. Lẹ́yìn náà, ẹ wá ohun kan nínú ilé tí a rà lọ́jà, bóyá ìgò oògùn tàbí agolo mílíìkì ọmọ. Ẹ ka nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀. Ẹ mú ìwé náà wá sí kíláàsì tó ń bọ̀. Ẹni kọ̀ọ̀kan ni yóò dìde ka tirẹ̀, bí ìyá yẹn ti ṣe.

Ó dàbọ̀ o. Kí Ọlọ́run bá wa wo àwọn ọmọ.